Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọpọ́n: Ògún kì í báni pààrọ̀ bíréèkì

Oṣù mẹ́ta tún ti yí po, ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀.

Ẹni tó bá ti yà sọ́dọ̀ mi ní Pleasure láìpẹ́ yìí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí etí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ. Ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ra alùpùpù ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà báìkì. Tòkúnbọ̀ ni, Honda CBR600 ti ọdún 1999. Ẹ̀yìn ilé wa, lẹ́bàá kànga, ló sọ di ìdí iṣẹ́. Bí mo bá gbé ọpọ́n kalẹ̀ láàárọ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu ìyẹ̀ròsùn sí i, a ó kàn gbọ́ "fùùùù!" Ẹni tó wá dá Ifá á fò dìde. Àlùfáà tó wà lójúlé kejì wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ṣé Ògún ló ń bínú ni?" Mo ní rárá o, ọmọ wa ni.

Mi ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ náà wọ̀ mí lójú. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ọ̀kadà tó ń gbé wa wọ àdúgbò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sábà ju 100cc sí 150cc lọ, sìlíńdà kan, kábúrétọ̀ kan. Ti ọmọ yìí jẹ́ 599cc, wọ́n sì pín in sí sìlíńdà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kábúrétọ̀ tirẹ̀. Fáàfù mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 2001 ni Honda yọ kábúrétọ̀ kúrò lára irú rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi kọ̀ǹpútà bu epo fún un. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi wá ti 1999 kiri: ó ní òun fẹ́ èyí tí òun lè fi sípánà àti ọwọ́ ara òun sẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ kò ju kó po afẹ́fẹ́ mọ́ epo lọ. Bí a bá wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni pípò tó jóná tán. Ṣùgbọ́n ta ló lè wo inú iná? Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń yọ wò. Tó bá dú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun, epo kéré, ooru á sì máa jẹ písítìn lábẹ́lẹ̀. Èyí tó dáa, àwọ̀ ìyẹ̀ròsùn tó ti pẹ́ lórí ọpọ́n ló ní. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun. Òun ní àwọ̀ tíì onímílíìkì.

Ibi tó ti wá fún mi láyọ̀ jù ni bó ṣe mú kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń fà ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń wò ó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ọmọ yìí lọ ra rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wo ìdọ́gba ilé. Ó bu ọ́ìlì sí i díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kọ́, ó so ẹnu kan mọ́ kábúrétọ̀ kìn-ín-ní, ó so èkejì mọ́ ìkejì. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ń fà jù á fa ọ́ìlì gòkè sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Á wá máa yí súkúrù díẹ̀díẹ̀ títí ọ́ìlì á fi dúró dọ́gba lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kó tó bọ́ sórí ìkẹta àti ìkẹrin. Nígbà àkọ́kọ́ kò tètè pa á, ẹ́ńjìnnì gbé ọ́ìlì náà mì, èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ìyàwó mi gbé omi jáde, ó rò pé ilé ń jó ni. Ìta gbangba ló kúkú ti ń ṣe é, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Èéfín ẹ́ńjìnnì nínú yàrá ń pani láìgbóòórùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, ẹ gbọ́ o.

Mo wo rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn, mo wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà wá dúró jẹ́ẹ́, tó ń kùn bí oyin, ọmọ náà wẹ̀, ó gbé àkùkọ kan àti ẹmu wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bọ Ògún sí i. Mo fẹ́ gbé e jáde lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n fi wo márosẹ̀ Abẹ́òkúta."

Mo ní kó tì í wá síbi ìmọ́lẹ̀. Mo fi ìka kan páàdì bíréèkì tó wà níwájú. Irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Mo wo táyà ẹ̀yìn, ó ti ń sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 2311 ni wọ́n kọ síbẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2011. Ẹ yẹ ti yín náà wò.

Mo bi í pé ṣé ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kábúrétọ̀ ló gba owó ọwọ́ òun tán. Ó wá ní, "Ẹ ṣáà bá mi bọ ọ́ ná, Bàbá. Ògún á ṣọ́ mi."

Mo wọlé, mo ṣí àpótí mi, mo mú wáyà kan jáde.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní 1986, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní alùpùpù kan tó fi ń ná ọjà Ìfọ̀. Wáyà bíréèkì rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi wáyà tín-ínrín dì í, ó ní tí òun bá tajà tán òun á ra òmíràn. A bọ Ògún ilé wa lọ́dún náà. Ajá la fi bọ ọ́, èmi ni mo di okùn ajá mú. Obì yàn. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́rì kan dúró lójijì níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì rí bíréèkì tẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n ti alùpùpù náà wálé. Mo yọ wáyà rẹ̀. Ojú ibi tó dì gan-an ló ti já. Mo kì í bọ àpò. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní ta ló ṣe èyí? Ọ̀rọ̀ yí títí, ó bọ́ sórí ìyàwó bàbá wa kékeré. Wọ́n ní òun ló ba ẹbọ jẹ́. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kí òjò ọdún náà tó dá, kò padà wọ ilé wa mọ́ títí ó fi kú. Wáyà wà lápò mi. Mo dákẹ́. Ọmọdé ni mí lójú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dí.

Mo na wáyà náà sí ọmọ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní mi ò ní bọ nǹkan kan sí alùpùpù yẹn títí yóò fi ní bíréèkì. Ó bínú. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin láìkí mi.

Àwọn kan á ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò nígbàgbọ́. Ṣé ẹ mọ Wọlé Ṣóyínká, tó ti ń wí fún gbogbo ayé láti ọjọ́ pípẹ́ pé Ògún ni òrìṣà òun? Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, òun sì ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Road Safety sílẹ̀ ní 1988. Ọmọ Ògún ló dúró sójú títì tó ń sọ pé kí wọ́n rọra sáré. Ẹ tún rántí oṣù kìn-ín-ní 2009, tí àjọ yẹn ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí. Àwọn kan gé igbá dé orí, àwọn èrò mìíràn kò sì gbà á dé rárá, wọ́n ní oògùn wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí òjé bá kọlu igbá, ẹ̀yin náà mọ èyí tó máa fọ́.

Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó rówó páàdì àti táyà méjèèjì. Ọjọ́ Ògún tó tẹ̀ lé e la bọ ọ́: àkùkọ, ẹmu, iṣu sísun, obì. Ó gbé e jáde ní ìdájí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́, mo sì jókòó síbẹ̀ títí mo fi tún gbọ́ ọ. Sáíléńsà tó yọ dànù ni a ṣì ń jà lé lórí.

Obìnrin yẹn fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ láyé, Ìgàndó níbí ló ń gbé. Kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, mo ní kí ọmọ wa fi alùpùpù rẹ̀ gbé e lọ fún un kó kà á. Ó kà á tán níṣojú ọmọ náà. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì mú wáyà náà dání.