Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ nínú Brooklyn: Àròjinlẹ̀ fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Òṣùwọ̀n méjì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fi ń wọn ìtàn-àròsọ: ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó gbóná, àti ẹ̀kọ́ tí a lè tò sí ojú pátákó. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Brooklyn, ìwé tí Colm Tóibín, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, gbé jáde ní ọdún 2009, wọn yóò ní òfìfo ni. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà.

Eilis Lacey ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ará Enniscorthy ni, níbi tí iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Rose, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan ni wọ́n ṣètò ìrìn-àjò rẹ̀ sí Brooklyn ní New York. Ó ń tajà lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó lálẹ́, òun àti Tony, púlọ́ńbà ọmọ ìran Ítálì, sì ń fẹ́ra. Nígbà tí Rose kú, Eilis àti Tony ṣe ìgbéyàwó ní bòókẹ́lẹ́ kí ó tó padà lọ wo ìyá rẹ̀. Ní Enniscorthy, Jim Farrell bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Eilis kò sì sọ pé òun ti lọ́kọ.

Ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn kò sọ ni ó gbé ìtàn náà ró. Rose fi àìsàn ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ pé bí àbúrò bá lọ, òun ni ìtọ́jú ìyá yóò já lé léjìká. Àárò ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bo Eilis mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó hàn nínú lẹ́tà tí ó ń kọ sílé. Nígbà tí ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ìyá kò pariwo, kò ṣépè. Yàrá rẹ̀ ni ó wọ̀ lọ. Tóibín kò sì dá sí i láti ṣàlàyé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀nà Fágúnwà ti mọ́ òǹkàwé Yorùbá lára, níbi tí asọ̀tàn ti máa ń dúró gba ènìyàn níyànjú. Òótọ́ ni, ọ̀nà náà sì níyì. Ṣùgbọ́n àwùjọ tí ó ni òwe òkè yìí kò lè sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣàjèjì sí òun. Olùkọ́ tí kò mọ ìbéèrè mìíràn ju "Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?" ń kọ́ ọmọ láti fo ìwé. Kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé: kí ni Eilis yọ kúrò nínú lẹ́tà rẹ̀, ta ni ó sì ń dáàbò bò? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ìdáhùn sí ìyẹn ti mọ ìwé kà.