Wọn Kì Í Ti Abẹ́ Ilẹ̀kùn Fowó Kún Owó Ilé

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, àti ẹ̀yin ará oko tí ọmọ yín ń gbé yàrá háyà nínú ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ẹ jẹ́ ká mú un bí ẹni pé ní Lágere ló ti ṣẹlẹ̀, tàbí ní Pàràkin, tàbí ní Mayfair, nítorí kò sí àdúgbò tí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan din àkàrà tán, ó ru agbada rẹ̀ dé ilé, ó ṣí yàrá, ó sì bá ìwé pélébé kan nílẹ̀ tí wọ́n ti abẹ́ ilẹ̀kùn sọ wọlé: “Láti oṣù tó ń bọ̀, owó ilé di ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò bá lè san án, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.” Kò sí déètì níbẹ̀, kò sí ẹni tó buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ti san owó ọdún kan gbáko, oṣù márùn-ún ló ṣì kù fún un. Kí ló wá ṣe? Ó ká ìwé náà sínú ìró, ó jáde lọ wá ẹni tí yóò yá a lówó.

Ibi tó dùn wá jù nìyẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá òfin gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé òfin kan wà.

Òfin wà. Ẹni tó bá san owó ọdún kan ti ra ọdún kan. Onílé ò lè dìde láàárín ọdún kó ní òun ti yí iye rẹ̀ padà. Àdéhùn ẹni méjì ni owó ilé, ẹnì kan kì í sì í dá àdéhùn ṣe. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàápàá ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1998, pé onílé kò lè dá nìkan fi owó kún owó ilé láìjẹ́ pé ayálégbé fọwọ́ sí i.

Ó dáa, bí ọdún bá wá pé ńkọ́? Onílé lè sọ iye tó fẹ́, ayálégbé náà lè sọ èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí wọ́n jọ dúnàá dúrà. Bí ẹ bá san iye tuntun náà, ẹ ti gbà nìyẹn, ẹ má wá sunkún lọ́la. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, onílé gbọ́dọ̀ kọ ìwé kúìtì nótíìsì. Ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san án lóṣooṣù ní oṣù kan, ẹni tó ń san án lọ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí nǹkan mìíràn nínú ìwé àdéhùn yín. (Ẹ máa ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i o!) Lẹ́yìn èyí, onílé yóò tún fún ayálégbé ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Adájọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà, òṣìṣẹ́ kóòtù nìkan ló sì lè kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Onílé tó bá ṣí páànù, tó yọ ilẹ̀kùn, tó fi àgádágodo ti yàrá, tàbí tó kó àwọn ọmọ ìta wá, òun gan-an ló rúfin.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé àdéhùn yẹ̀ lásán. Gbèsè owó ilé kì í ṣe olè jíjà.

A kì í ṣe ọ̀tá onílé. Tíṣà tó fi gírátúítì kọ́ yàrá mẹ́fà, tí kò ní owó-oṣù mìíràn, ó mọ iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ohun tí kò gbówó lórí. Owó-oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọjà ti sáré kọjá rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó wà lórí àlééfà ló da omi gbígbóná sílẹ̀, onílé àti ayálégbé wá ń ti ara wọn sínú rẹ̀. Ayálégbé tó jẹ gbèsè, tó wá ń sá pamọ́ sẹ́yìn àṣìṣe inú nótíìsì, kò sí nínú àwọn tí à ń gbèjà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá irú wọn wí ní oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Èkó.

Èkó yìí náà ni wọ́n ti ṣe òfin ilé ní ọdún 2011, nígbà Gómìnà Fáṣọlá. Òfin náà ní onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, pé ó gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì, àti pé bí owó tí wọ́n fi kún un bá pọ̀ jù, ayálégbé lè lọ bá adájọ́, kí adájọ́ wo iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò náà. Òótọ́ ni pé wọ́n yọ Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, àwọn olówó sì mọ ìdí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gba owó ọdún méjì ní kọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún rí ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ní Òṣogbo kò pọ̀. Kí wọ́n tẹ òfin ilé ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti gbogbo kóòtù. Kí wọ́n yan àwọn tí yóò máa parí ìjà onílé àti ayálégbé kó tó di ti lọ́yà, nítorí owó lọ́yà lè ju owó ilé lọ. Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n: oṣù mélòó ni onílé gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún kó tó lé e? Ẹ wo ojú wọn dáadáa bí wọ́n bá ń dáhùn.

Ní ti obìnrin alákàrà wa, ẹ sọ fún un kó má tíì yá owó náà. Kó tọ́jú ìwé pélébé yẹn pẹ̀lú rìsíìtì owó ọdún kan tó san. Adájọ́ yóò fẹ́ rí méjèèjì.