Túndé Kèlání àti fíìmù inú mẹ́mọ́rì káàdì: ta ló ń jèrè iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Òṣòdì kọjá, láti Bọ́ládé títí dé abẹ́ bíríìjì, ẹ ó rántí ìgbà tí wọ́n ń to fíìmù sílẹ̀ bí ẹni to ata: fíìmù mẹ́wàá nínú àwo kan ṣoṣo, ní owó pọ́ọ́kú. Àwo ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fíìmù lónìí á kàn gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n á sì bá a dà á sínú mẹ́mọ́rì káàdì kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó kún. Nínú owó yẹn, èló ló ń kan ẹni tó ya fíìmù?

Ẹ jẹ́ ká fi Túndé Kèlání, tí gbogbo èèyàn ń pè ní TK, ṣe àpẹẹrẹ. Olùdarí fíìmù ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló mú un dé ìdí iṣẹ́ yìí. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1948, Abẹ́òkúta ló gbé dàgbà lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Ó kọ́ fọ́tò yíyà, ó ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣàn WNTV n'Íbàdàn, ó sì lọ kọ́ nípa fíìmù ní London. Ó ya ìròyìn fún Reuters àti BBC. Iṣẹ́ náà gbé e dé Ethiopia nígbà ọ̀dá, ó sì gbé e dé Zimbabwe nígbà òmìnira. Lẹ́yìn ọdún 1980, òun ló di kámẹ́rà mú nínú fíìmù bíi Taxi Driver, tí Adé Afọláyan ṣe ní 1983, àti Ìyá Ni Wúrà.

Iṣẹ́ yìí ju ká tẹ bọ́tìnnì lọ. Ẹni tó ń ya fíìmù ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé, ohun tí ojú wa máa kọ́kọ́ rí, àti ohun tí òkùnkùn máa bò. Láyé ìgbà yẹn, kò tiẹ̀ lè wo ohun tó yà lójú ẹsẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé fíìmù lọ fọ̀, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó fi máa di 1987, lẹ́yìn ètò SAP, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi náírà mẹ́rin. Ta ló fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Báyìí ni fídíò ṣe gbàjọba. Kèlání dá Mainframe sílẹ̀, ó gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993, Kòṣeégbé ní 1995, Ó Le Kú ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Ẹ rántí pé lẹ́yìn Ó Le Kú, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí rán ìró kúkúrú àti búbà tí wọ́n ń pè ní òlekú. Agbára àwòrán nìyẹn.

Àmọ́ bí fídíò ṣe rọ àwọn onífíìmù lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ló rọ olè lọ́rùn. Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982 ni àwọn olè dà kọ, ó sì kó bàbá náà sí gbèsè ńlá. Kèlání náà ti pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà.

Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, fún ẹni tó ni iṣẹ́ láṣẹ láti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ká máa lé ọmọ tó ń da fíìmù sí fóònù l'Óṣòdì kiri nìkan kò lè tán ìṣòro náà. Oníbàárà rẹ̀ kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, dátà náà sì wọ́n.

Kèlání ti fi ọ̀nà kan hàn: sinimá alágbèéká, tó ń gbé fíìmù lọ bá aráàlú ní àdúgbò wọn. Kí ló dé tí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kò lè ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ká san owó táṣẹ́rẹ́, kí owó náà sì dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́? Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi kámẹ́rà ya òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé ń wò wá. Bí wọn ò bá rí ẹni tó jèrè nídìí fíìmù, òde àríyá ni wọ́n máa parí sí.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ pè wá lórí afẹ́fẹ́.