Òjé inú tòkunbọ̀ Alaba: Kò yẹ kí eruku rẹ̀ bá òṣìṣẹ́ délé

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Àdéhùn Basel ti le sí i lórí ẹ̀rọ iná tó ti bàjẹ́. Májèlé wà nínú rẹ̀ o, kò sí o, kò sí orílẹ̀-èdè tó gbọ́dọ̀ kó o ránṣẹ́ sí òmíràn láì kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ojo, níbi tí ọjà Alaba International wà, ẹrù ti wọlé kí òfin tó dé. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ròyìn pé nǹkan bíi kọ̀nténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2015 àti 2016 ka nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 lọ́dún kan. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá, ó sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra. Bàbà ni àwọn tó ń tú ẹ̀rọ wọ̀nyí ń wá, torí bàbà ló lówó lórí. Òjé kò jọ wọ́n lójú. Bí wọ́n bá fọ́ gíláàsì tàbí dáná sun wáyà, ó di eruku, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó bá bàbá lọ sílé, ọmọ sì fò mọ́ bàbá.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu lára ọmọdé. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó ju ọmọ 400 lọ tó kú, nítorí wọ́n ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé.

Ní Culham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wá agbára irú ti oòrùn lo irin kan tó ń jẹ́ beryllium nínú ẹ̀rọ JET. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó bá máa wọ inú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Aṣọ náà kì í bá a lọ sílé.

Owó ńlá ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò wọ́n: aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, omi àti ọṣẹ, kí wọ́n má sì jẹun níbi iṣẹ́.

Àwọn kan á ní kí ìjọba lé àwọn onírin kúrò l'Alaba. Tí wọ́n bá lé wọn, ẹ̀yìnkùlé ní Iba àti Okokomaiko ni wọ́n máa kó iṣẹ́ lọ, eruku á sì túbọ̀ sún mọ́ ọmọdé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 2011, èyí tí àjọ NESREA ń mójú tó, pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé ru ẹrù àlòkù wọn. Kí owó náà dé ọ̀dọ̀ onírin tó ń ti ọmọlanke. Tí tẹlifíṣọ̀n tí kò fọ́ bá ti lówó lórí ju èyí tó fọ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa fọ́ ọ.