Owó Pọ́ńbà la Máa Ń Ná

Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tó ń fọ́n omi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, tó ní róbà gígùn téèyàn lè fà yí ìkòkò ká, ti wọ ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìkòkò tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́ nídìí, kíá ló ń fọ̀ ọ́. Bí a ṣe ń náwó rẹ̀ ló ń dùn mí.

Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦480 ní iye ìjọba. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bíi ₦1,500. Bí ọlọ́jà bá pe iye tirẹ̀, a ó kùn, a ó sì san án. A ó wá délé, a ó pe pọ́ńbà, ojú wa á korò: "Ọ̀gá, èwo ló tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí kí ẹ kàn dè é náà ni."

Ẹ wò ó lábẹ́ síǹkì. Ó ti omi pa, ó tú ẹ̀rọ àtijọ́, ó wé tépù funfun mọ́ ẹnu irin síbi tí nọ́ọ̀tì máa gbà yí, torí bó bá wé e sódì, ńṣe ni yóò máa tú bó ṣe ń dè é. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi yí i, sípánà wá kún un díẹ̀, kí ike má baà sán. Ó ṣí omi, ó tẹ́ pépà gbígbẹ sábẹ́, ó sì jókòó tì í, ó ń wò ó bóyá omi ń jò. Ìjókòó yẹn ni mo fi ń mọ ọ̀gá.

Nílé tó jẹ́ pé iná jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fa omi sí táńkì òkè, jíjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lítà epo tó wà ní nǹkan bíi ₦185 l'Ékòó di ₦488 ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Ohun tí a yọ lára owó iṣẹ́, ilé epo la ti ń san án.

Púpọ̀ nínú owó ọjà ti kọjá òkun. Ti pọ́ńbà ló ń kù ládùúgbò: ó fi ń ra gaàrí lọ́wọ́ ìyá tó wà níkòríta, ó ń fún ọmọṣẹ́ tó ń gbé irinṣẹ́ tẹ̀lé e ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọṣẹ́ yẹn náà ń wo iye tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbà kó tó pinnu bóyá òun á kọ́ṣẹ́ náà parí tàbí òun á lọ wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná, kó ra ẹ̀rọ tí kò tàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà, kó sì san owó pọ́ńbà pé.