Alásè ni kó yan oúnjẹ fún wa

Adéjọkẹ́ Bakare ṣí ilé oúnjẹ Chishuru ní Brixton, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2020. Nígbà tó fi di 2024, àmì ẹ̀yẹ ìràwọ̀ Michelin ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Bìrìtìkó. Owó kan ṣoṣo lèèyàn ń san ní Chishuru fún àwo ìtọ́wò tó ń tẹ̀ léra, alásè ló sì ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọn yóò gbé wá. Àwọn kan ní ìranù ni, pé owó ńlá, oúnjẹ bíńtín. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó jáde lóko lásìkò ló yẹ kó yan fún wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé òkè òkun la ti ń jẹ irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a ní tiwa nílé: ní Paouignan, ní agbègbè Ìdáàṣà nílẹ̀ Benin, lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou, gàrí ló kún ọjà. Oníbàárà a ju díẹ̀ sẹ́nu, a rún un wò, kó tó sanwó. (Ìtọ́wò kọ́ nìyẹn?) Tí iṣu tuntun bá dé lóṣù kẹjọ, Savalou nítòsí a ṣọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 15, síbẹ̀ ọkọ̀ ló ń kó èyí tó dára jù lọ sí Kútọnu. Ẹ̀yin ọmọ Ìdáàṣà tẹ́ ẹ ń dáná nílé oúnjẹ olówó ńlá káàkiri, ẹ wá ṣí tiyín sílé, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ abúlé tí iṣu ti wá sínú ìwé oúnjẹ yín.