Ẹ̀sùn mẹ́rin tí a fi kan Championship Manager 01/02

Ọmọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì. Ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ ní gbangba ni ìlú ń yìn, torí ojú gbogbo ayé ló ṣe é. Òṣùwọ̀n yìí la fi wọn Championship Manager 01/02, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí Sports Interactive ṣe, tí Eidos gbé jáde ní 2001, tó gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. A ò sọ pé kò dùn. Adùn rẹ̀ gan-an ló jẹ́ ká gba ẹ̀kọ́ tí kò tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: ó fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ló ń yọ lójú kọ̀ǹpútà: ẹni tó gba bọ́ọ̀lù, ẹni tó gbá a síta, ẹni tó gbá a sáwọ̀n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá pàdánù, kò rí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Ó di 2003, nígbà tí Championship Manager 4 dé, ká tó fojú rí pápá.

Ẹ̀sùn kejì: ó ń san ẹ̀san fún ẹni tó bá rí ihò nínú ètò géèmù náà. A lè yan ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan máa dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ wa, àti nígbà tí kò bá sí. Ohun tó dára ni, àmọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kọ̀ǹpútà ń darí kò mọ bí wọ́n ṣe máa dí i. Àrùn náà ò tètè lọ: nínú Championship Manager 03/04, táàtíìkì tí wọ́n ń pè ní Diablo kàn ń rán agbábọ́ọ̀lù àárín kan lọ síwájú ilé ni, ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́ ọ. Kí la kọ́ níbẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù?

Ẹ̀sùn kẹta: ó jẹ́rìí èké. Tó Madeira, atamátàsé Gouveia ní Pọ́túgà, àrọ́ ni. Kò sí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láyé. Maxim Tsigalko ọmọ Belarus di ọba góòlù nínú géèmù. Láyé, ìfarapa lé e kúrò lórí pápá kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì kú ní 2020 lẹ́ni ọdún 37. A kígbe orúkọ rẹ̀, a ò mọ ìyà tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀sùn kẹrin, tó dùn wá jù: ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Líìgì orílẹ̀-èdè 26 ló wà níbẹ̀, kò sí ti Áfíríkà kankan. Ní Pọ́túgà tí wọ́n ti hùmọ̀ Madeira ni Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ti gbá góòlù 21 sáwọ̀n fún Vitória Setúbal ní sáà 1993 sí 1994, tó borí gbogbo atamátàsé líìgì náà. Kó tó débẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, ní Shooting Stars Ìbàdàn àti ní Abidjan. Kò sí bí èèyàn ṣe lè tọ ọ̀nà yẹn nínú géèmù náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè darí Kwara United, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìlọrin.

Ìdájọ́ tí à ń bèèrè kò ju méjì lọ. Níbi ìdíje géèmù yìí ládùúgbò, kí a fòfin de táàtíìkì tó ń gba inú ihò kọjá. Èkejì, géèmù náà ní irinṣẹ́ tí a fi ń tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe: kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà lọ jókòó ní pápá ìṣeré Ìlọrin, kí wọ́n wo àwọn agbábọ́ọ̀lù wa dáadáa, kí wọ́n kọ òótọ́ nípa wọn sínú rẹ̀, láìbu iyì kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.